Ẹsẹ̀ Kan Nínú Korobá

Ọjọ́ tí Túnráyọ̀ kọ́kọ́ fojú kan Jọláyẹmí, ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà wà nínú korobá omi, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú bàtà dúdú tó ń dán bíi dígí, ó sì ń fi àsíá aláwọ̀ ewé dágbére fún rélùwéè tó ń lọ sí Òṣogbo, bí ẹni pé báyìí ni gbogbo òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣe ń dúró láyé.

Ní stéṣàn Ìkìrun ni o, lọ́dún 1968, ọ̀sán gangan. Yunifọ́ọ̀mù funfun, bọ́tìnnì ìdẹ títí dé ọrùn, fìlà tó jókòó dáadáa lórí. Ṣùgbọ́n kéèyàn wá wo ìsàlẹ̀! Ó ti ká ṣòkòtò apá òsì dé orúnkún, omi sì ń jó nínú korobá bó ṣe ń ju àsíá sọ́tùn-ún sósì.

Túnráyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ni, ó ń bọ̀ láti Ìníṣà. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó gbé lọ túnṣe ló rù. Ó rí ọkùnrin yìí, ẹ̀rín gbé e. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ẹ̀rín tó ń mi èjìká ni. Bí èjìká ṣe mì báyìí, ẹ̀rọ yọ̀ lórí.

Àfi gbàì! Jọláyẹmí ti fò jáde nínú korobá, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rọ mú. Ẹsẹ̀ tútù yẹn balẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó. Túnráyọ̀ rò pé ẹ̀rọ ló wúwo.

"Ẹ má bínú o, Bọ̀dá. Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Kí lẹ ń sè nínú korobá yẹn?"

"Ẹsẹ̀ ni mò ń sè. Ó kù díẹ̀ kó jinná."

"Ẹ ti fi iyọ̀ sí i?"

"Ẹni tó máa bá mi fi iyọ̀ sí i ni mò ń retí látàárọ̀. Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Túnráyọ̀ wá ohun tó máa fi dá a lóhùn, kò rí. Ọmọbìnrin tí gbogbo Ìníṣà mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í gbófo! Ó kàn gba ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń lọ. Ìgbà tó dé ìta stéṣàn ló rántí èsì tó dùn gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá.

Ìsọ̀ ìránṣọ Túnráyọ̀ kò jìnnà sí stéṣàn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ìkìrun, bó bá di ọjọ́ Sátidé, á wọkọ̀ lọ sílé ní Ìníṣà. Kò pẹ́ tí bọ́tìnnì yunifọ́ọ̀mù Jọláyẹmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lónìí ti àyà, lọ́la ti ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé wá sí ìsọ̀ Túnráyọ̀.

"Bọ̀dá, òwú tí mo fi rán èyí, màlúù ò lè fà á já. Báwo ló ṣe já?"

"Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn tó ní sísọ́ọ̀sì?"

Ọmọ Òkukù ni Jọláyẹmí, òun ló ń tẹ tẹligíráàfù ní stéṣàn. Bó bá jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀, á máa fi ìka gbá tábìlì ìránṣọ, tí-tí-tà, tí-tà. Túnráyọ̀ ní kí ló ń sọ. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni. Ó kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, títí òun náà fi lè gbá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra bí ìgbín tó ń gungi.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá, wọ́n ti di tara wọn. Ọkùnrin náà ń pè é ní Ráyọ̀ mi, obìnrin náà ń pè é ní Bọ̀dá Oníkorobá. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé Túnráyọ̀. Korobá yẹn kì í kúrò nílẹ̀. Jọláyẹmí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì, kì í jẹ́ kí ṣòkòtò kàn án, bí wọ́n bá sì jọ ń rìn, á dúró lójijì, á ní òun ń wo ẹyẹ. Bí Túnráyọ̀ bá béèrè, á ní, "Ooru ló ń mú mi. Ẹsẹ̀ kan péré ni ooru tèmi ń bá jà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí.

Ìgbà tó wá tó àkókò láti lọ fojú rinjú ní Ìníṣà, Túnráyọ̀ fúnra rẹ̀ ló rán dàńṣíkí funfun fún un.

Bàbá Túnráyọ̀, Bàbá Adépọ̀jù, ìgèrè ni wọ́n fi ń pẹja lódò Ọ̀tìn, wọ́n sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ, bí ìdákọ̀ró ló ń rí, ibi tó bá balẹ̀ sí ló ń wà. Wọ́n jókòó sórí àga wọn ní páálọ̀, ìyá Túnráyọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo ẹbí ń wo ẹnu ọ̀nà.

Jọláyẹmí wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Láníkẹ́, sì tẹ̀ lé e. Láníkẹ́ ti kúnlẹ̀ gbọnrangandan. Jọláyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba. Ó lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan kan ilẹ̀. Ó dúró síbẹ̀.

Gbogbo ilé ń retí kó na gbalaja. Kò nà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó sọ ọ́ láti orí ìtẹ̀ba yẹn, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Bàbá wò ó. "Ṣé nǹkan kan wà nílẹ̀ páálọ̀ mi ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ilẹ̀ dọ̀tí ni?"

"Ó mọ́ dáadáa, sà."

"Á jẹ́ pé èmi ni n kò mọ́ nìyẹn." Bàbá dìde, wọ́n gbé fìlà, wọ́n jáde lọ bá ìgèrè wọn lẹ́yìnkùlé. Ó tán.

Láníkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Túnráyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an: "Ká ní ó tiẹ̀ yọ̀ ṣubú lulẹ̀ ni, à bá kà á kún ìdọ̀bálẹ̀."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Bàbá wọlé padà. "Akọ̀wé rélùwéè rẹ," wọ́n wí fún Túnráyọ̀, "ó fẹ́ràn bọ́tìnnì rẹ̀ ju bàbá rẹ lọ. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ò lè kan ilẹ̀ lónìí, ìgbà tí mo bá kú, ta ni wàá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Túnráyọ̀ kò sùn dáadáa. Inú ló ń bí i, kì í ṣe sí bàbá rẹ̀ o, sí ọkùnrin oníkorobá yẹn ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ti dúró níwájú fèrèsé tẹligíráàfù, ó kápá jọ.

"Ṣé bàbá mi ò tó dọ̀bálẹ̀ fún ni?"

"Ráyọ̀..."

"Má pè mí ní Ráyọ̀! Dá mi lóhùn. Ṣé torí pé apẹja ni wọ́n?"

Jọláyẹmí ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó fa korobá jáde lábẹ́ tábìlì, ó jókòó, ó ká ṣòkòtò. "Wò ó," ó ní. "Wo ẹsẹ̀ yẹn dáadáa."

Ẹsẹ̀ tó dára ni. Kò wú, kò légbò, kò ní àpá. Túnráyọ̀ ò rí nǹkan kan.

"Fi etí aṣọ rẹ kàn án."

Ó fi etí ìró rẹ̀ kàn án, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bí ìyẹ́ adìẹ ṣe ń kan ilẹ̀. Jọláyẹmí fi eyín mú ètè. Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ìbínú Túnráyọ̀ rọlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

Ó sọ fún un. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àpò ekùrọ́ kan já láti orí wágúnù ẹrù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló bọ́ lé. Egungun ti jinná, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, iná ni ẹsẹ̀ òsì ń jó, tọ̀sán tòru. Omi tútù nìkan ló ń dín in kù díẹ̀. Bó bá sì na ẹ̀yìn gbalaja, bí ìgbà tí wọ́n da epo síná ni.

"Èé ṣe tó ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹsẹ̀ tí kò légbò ń dùn mí? Tí bàbá yín bá rán èèyàn lọ Òkukù láti wádìí ilé wa, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní àrùn ẹsẹ̀ wà nídìílé wa. Ta ló ń fọmọ fún ilé alárùn? Bí wọn ò bá tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àánú ni wọ́n á fi fún mi níyàwó. Èmi ò fẹ́ ìyàwó àánú." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣèlérí fún mi pé o ò ní sọ."

Túnráyọ̀ wò ó títí. "Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà máa ṣèlérí tìẹ. A jọ ń lọ sí ọsibítù ńlá n'Ìbàdàn."

"Mo ti lọ sí ọsibítù títí ó fi sú mi."

"O ò tíì bá mi lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe wọkọ̀ lọ Ìbàdàn, Láníkẹ́ jókòó sáàárín wọn bíi ògiri tó pín yàrá sí méjì, nítorí ẹnu ayé.

Dókítà Bọ́ládélé ni wọ́n bá níbẹ̀, ọkùnrin kúkurú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi ìyẹ́ fa ẹsẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ kàn án, ó béèrè, ó tún béèrè. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tẹ tẹligíráàfù, sà."

"Ó dáa, ọ̀rọ̀ máa tètè yé ẹ. Mùdùnmúdùn tó wà nínú egungun ẹ̀yìn rẹ, wáyà ni. Òun ló ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní nǹkan kan. Wáyà ló fara pa lọ́jọ́ tí àpò jábọ́. Ọgbẹ́ jinná tán, wáyà ò gbọ́, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ: iná, iná, iná. Bí stéṣàn kan bá ń tẹ irọ́ báyìí láìdákẹ́, kí lo máa ṣe?"

Jọláyẹmí ronú. "N ó máa tẹ ìròyìn tèmi sórí wáyà yẹn, sà, kí tiẹ̀ má ríbi kọjá."

Dókítà gbá tábìlì. "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ ni kó o máa jókòó síbí! Ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan ní Amẹ́ríkà la ẹ̀yìn aláìsàn, ó fi wáyà tín-ín-rín lé ara mùdùnmúdùn yẹn, ó ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ bá ìrora wí. Àwa ò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní àpótí kan tó ń gba orí awọ ara ṣe irú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ tiẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú."

Ẹnu Láníkẹ́ là sílẹ̀. "Iná mànàmáná? Lára àbúrò mi?"

"Mà, nǹkan àtijọ́ ni. Kí bátìrì tó dé, ẹja làwọn ará Íjíbítì àti Róòmù ń lò. Ẹja kan tó máa ń gbọn èèyàn jìgìjìgì."

"Òjìjí!" Túnráyọ̀ ti pariwo kó tó mọ̀. "Bàbá mi ń bá a jà lójoojúmọ́! Bó bá kó sínú ìgèrè, wọ́n á kọ́kọ́ ju ìgèrè nù ná."

"Òun náà ni. Ṣùgbọ́n mi ò rán yín sódò o," Dókítà rẹ́rìn-ín. "Àpótí lẹ ó lò."

Àpótí ọ̀hún ò tóbi ju redió kékeré lọ. Bátìrì wà nínú rẹ̀, wáyà méjì jáde, àkísà tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ wà lẹ́nu wáyà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so àkísà mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn Jọláyẹmí. Dókítà yí bọ́tìnnì díẹ̀.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Bíi kí èèrùn máa rìn, sà."

Ó tún yí i.

"Ó ti kọjá èèrùn. Bí òjò wẹliwẹli lórí páànù ni. Ó ń sọ̀ kalẹ̀... ó dé itan... ó dé..."

"Bọ̀dá mi?" Túnráyọ̀ sún mọ́ ọn.

Jọláyẹmí na ọwọ́ sínú àpò, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì. Bóyá láti ìgbà tí àpò ti jábọ́ ló ti ń gbé e kiri, ta ló mọ̀. Ó rọra wọ̀ ọ́. Ó fà á dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wá gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Òjò ni mò ń gbọ́," ó ní. "Iná yẹn wà lábẹ́, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lé e."

Láníkẹ́ bú sẹ́kún. Túnráyọ̀ ń na ìborùn rẹ̀ sí i, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun náà ń sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Jọláyẹmí bá so àpótí mọ́ra fún ìgbà díẹ̀ láàárọ̀, á rí ìsinmi títí ọ̀sán á fi lọ. Ìrora ò kú o, ó kàn ń sùn. Ìyá Túnráyọ̀ bá Bàbá sọ̀rọ̀ nígbà tí inú wọn dùn, ọjọ́ tí ìgèrè kún. Bàbá ní, "Kó wá. Ilẹ̀ páálọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù o. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí n má gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Wọ́n fi sí Sátidé.

Sátidé dé, Túnráyọ̀ ti gbálẹ̀ páálọ̀ títí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó gbọ́ ìró rélùwéè, ó sáré bọ́ síwájú ilé. Jọláyẹmí ló ń bọ̀ yẹn, aṣọ funfun báláú. Ṣùgbọ́n ó ń wo ẹyẹ. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó wo ẹyẹ.

Láníkẹ́ ló sáré ṣíwájú, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. "Ọmọ yìí, pa mí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Àǹtí mi?"

"Bátìrì àpótí! Mo ní kó lágbára dáadáa fún òní. Mo yọ ọ́ lánàá, mo sá a sóòrùn lórí òrùlé ilé ìdáná, bí mo ṣe máa ń sá ti tọ́ọ̀ṣì. Ni mo bá lọ ọjà. Ni òjò bá dé!" Ó fọwọ́ bojú. "Omi ló kún inú ẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ lÓkukù, kò sí n'Íkìrun."

Jọláyẹmí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jókòó.

"Jẹ́ kí n sọ fún wọn," Túnráyọ̀ ní. "Mo bẹ̀ ọ́. Tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí yẹn."

Ó wò ó. Ó mi orí. "Rárá, Ráyọ̀ mi. Bí wọ́n bá máa gbọ́ ọ, ẹnu mi ni wọ́n ó ti gbọ́."

Páálọ̀ kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìròyìn ti lọ. Bàbá wà lórí àga. Jọláyẹmí dúró láàárín ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kí n tó dọ̀bálẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ ṣáájú ìdọ̀bálẹ̀?" Bàbá ní. "Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sílé tí wọ́n ti ń ṣe é, sà. Ẹsẹ̀ mi ló fà á."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti àpò ekùrọ́, ti iná, ti korobá. Ó sọ pé òun fi pamọ́ nítorí kí wọ́n má baà ka àrùn sí ìdílé òun lọ́rùn. Ó sọ ti bátìrì, Láníkẹ́ sì fi gèlè nu imú.

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. "Lọ́jọ́ yẹn tó o dúró ságbede méjì. Ìrora ni?"

"Mo rò pé mo lè ṣe é ni, sà. Mo dé ìdajì, ó gbá mi mú. N kò lè lọ, n kò lè bọ̀."

"O ò wá pariwo?"

"Níwájú àna mi kẹ̀, sà?"

Ohun kan mì ní igun ẹnu Bàbá. Wọ́n yíjú sí Túnráyọ̀. "Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

"Gbogbo bí mo ṣe ń bú u nínú ilé yìí, o gbẹ́nu dákẹ́?" Bàbá fẹ̀yìn tì. "Hẹn-ẹn. Ọmọ mi gan-an mọ bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí ọkọ ẹni mọ́."

Ìyá Túnráyọ̀ fò dìde. "Ẹ gbọ́! Wọ́n ti pè é lọ́kọ o! Gbogbo yín gbọ́ ọ!"

Ilé hó yèè. Bàbá na ọwọ́ pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n ojú ti tì wọ́n, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti tó. Jókòó, ọmọ mi. Mo ti rí ìdọ̀bálẹ̀ náà."

"Mi ò ní jókòó, sà." Jọláyẹmí ò kúrò lójú kan. "Ẹ máa bínú sí mi ni, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Bí mo bá padà láìṣe é, títí láé ni n ó máa jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, bó bá tiẹ̀ máa jó mi."

Ibẹ̀ ni Túnráyọ̀ ti rántí. "Bàbá! Òjìjí tó kó sínú ìgèrè yín láàárọ̀ yìí dà?"

"Ó wà nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Kí ni tiẹ̀?"

Ó sọ ohun tí Dókítà Bọ́ládélé sọ fún wọn. Bàbá wo ọwọ́ ara wọn, ọwọ́ tí òjìjí ti ń gbọ̀n láti kékeré. "Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní ká má dán an wò o, sà," Jọláyẹmí ní.

"O fẹ́ dán an wò àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́, sà."

Gbogbo àpéjọ ìtọrọ ìyàwó tú yáyá lọ sẹ́yìnkùlé. Ìkòkò amọ̀ ẹlẹ́nu gbòòrò ni, ẹja kékeré aláwọ̀ eérú kan, onímú bọ̀bọ̀tọ̀, dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ omi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Òjò àná ṣì wà nílẹ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀. Jọláyẹmí bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò.

"Dì mí lọ́wọ́ mú, kó o má baà ṣubú," Bàbá ní, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Apẹja àtọjọ́mọ́jọ́! Ṣé ẹ rí i pé wọ́n gbàgbé?

Jọláyẹmí ti ẹsẹ̀ bọ omi. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan ẹja.

"YÉÈ!"

Ẹnu méjì ló ti jáde o. Àna àti bàbá ìyàwó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, fìlà Bàbá bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyá Túnráyọ̀ ké "Jésù!" Láníkẹ́ tó ti ń sunkún láti àárọ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, sà," Jọláyẹmí ń mí hẹlẹ, "kí n dá tèmi gbà." Ó tún fi ẹsẹ̀ kan ẹja náà. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún fi kàn án. Lẹ́yìn náà ó fa ẹsẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó dúró. Ó ń fetí sí i, bí ẹni tó ń fetí sí wáyà.

"Ó ti kú," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ mi ti kú pátápátá. Kò sọ nǹkan kan."

Àfi bó ṣe na gbalaja! Nínú ẹrẹ̀ yẹn, nínú omi ẹja, pẹ̀lú aṣọ funfun báláú tí Túnráyọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀.

"Dìde, dìde! Aṣọ rẹ!" Bàbá ní.

"Kò tíì tó, sà. Ti ọjọ́ yẹn ni mo ṣe tán. Tòní ṣì kù."

Bàbá Adépọ̀jù dúró wò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ̀ ba, àgbà bíi tiwọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ẹrẹ̀, wọ́n fi apá méjèèjì gbé ọmọ náà dìde.

"Ilẹ̀ yìí dọ̀tí gan-an," wọ́n ní, ohùn wọn ò já gaara, "o sì dọ̀bálẹ̀ sí i fún mi. Ẹ̀yin ará Òkukù, ẹ ti ríyàwó. Oṣù Kejìlá ni ká fi sí. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ òjìjí yìí o. Ó ti di ẹbí."

Ní ìrọ̀lẹ́, Túnráyọ̀ sin Jọláyẹmí dé stéṣàn Ìníṣà. Dàńṣíkí Bàbá ló wọ̀, ó gbòòrò lọ́rùn rẹ̀. Ipá òjìjí ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń jí. Nítorí náà, Túnráyọ̀ gbé korobá ìyá rẹ̀ dání, ó ti pọn omi sí i. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Jọláyẹmí ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Kì í ṣe ohun tó máa tán o, Ráyọ̀. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí bátìrì tuntun bá dé, á sùn, á tún jí."

"Mo gbọ́."

"Ọjọ́ mìíràn á wà tí mi ò ní lè rẹ́rìn-ín."

"Mo ní mo gbọ́." Túnráyọ̀ bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òun náà, ó kì í bọ inú korobá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, jẹ́jẹ́, kí awọ má baà kan awọ. "Omi yìí mà tutù o!"

Jọláyẹmí gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó fi ìka gbá a, tí-tà, tà-tí-tí. Ó gùn. Túnráyọ̀ pa ojú dé kó lè kà á. Nígbà tó parí, ó gba ọwọ́ tiẹ̀ náà, ó ń gbá ìdáhùn síbẹ̀, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, bí ìgbín tó ń gungi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀ kí rélùwéè tó dé.

Gáàdì rélùwéè yọ orí lójú fèrèsé. Ó wo bẹ́ǹṣì. Ó rí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan àti ẹsẹ̀ obìnrin kan nínú korobá kan ṣoṣo, ẹ̀rín sì gbé e débi pé ó gbàgbé fèrè tó fẹ́ fọn.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Kí lẹ ń sè níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni," Túnráyọ̀ dáhùn, kò tiẹ̀ ronú lọ́tẹ̀ yìí. "Mo ti fi iyọ̀ sí i."